Ẹ̀bẹ̀ Kò San Owó Ọsibítù

Ní ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù Kìn-ín-ní 2023, kọ̀nténà kan já bọ́ láti orí tírélà ní afárá Ojúẹlẹ́gba l'Ékòó, ó sì tẹ ọkọ̀ akérò kan rẹ́ mọ́lẹ̀. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló kú. Ní oṣù Kẹsàn-án 2015, kọ̀nténà mìíràn ti já bọ́ lórí afárá kan náà, ó sì ti pa ènìyàn mẹ́ta. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá ló mọ ohun tó máa ń fa irú ìṣubú báyìí. Kọ̀nténà ní ihò ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tírélà sì ní irin tí à ń yí bọ inú àwọn ihò náà kí ẹrù má baà sún. Bí wọn kò bá yí irin náà, tàbí bí irin ti jẹ tán tí ẹni tó ni ọkọ̀ kò pààrọ̀ rẹ̀, ibi tí ọ̀nà bá ti gun òkè tó sì yí ni yóò ṣe ìyókù. Irin yìí kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí a ń ra tírélà. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ìdí tó fi rọ ọlọ́kọ̀ lọ́rùn láti má rà á. Èrò tèmi ni pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó pa ni lára kọ́ ló ń san owó ohun tó bà jẹ́. Ẹni tó fara pa ló ń san án, òun àti ìyá rẹ̀, òun àti ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti àwọn ọmọ tí owó ilé-ìwé wọn á bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Òfin kọ́ ló sì sọ pé kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí òfin ti ń sọ òdìkejì rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀, ìbẹ̀rù téṣàn àti àìmọ̀ ni a fi ń gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ìwọ̀n ohun tí à ń sọ tóbi. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ka òkú 5,421 ní Nàìjíríà ní 2024, nínú jàǹbá ọkọ̀ 9,570, àwọn tó fara pa sì ju 30,000 lọ. Síbẹ̀ iye tí a kà nìyẹn. Fún ọdún 2016, òkú 5,053 ló wà nínú àkọsílẹ̀ tiwa, ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tó kú lójú pópó wa lọ́dún náà súnmọ́ 40,000. Ìyàtọ̀ ńlá yìí kò gbọdọ̀ ya ẹni tó mọ ilé lẹ́nu. Ẹni tí ọkọ̀ gbá ní Ṣágámù tó kú sí ọsibítù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ta ló padà lọ kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ìwé jàǹbá? Ẹni tí wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń to eegun ní abúlé, tí ọgbẹ́ rẹ̀ kẹ̀ tó sì gbabẹ̀ kú, inú ìwé wo ló wà? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣirò nìkan ni mo fi ń dá èyí sílẹ̀. Ẹni tí kò sí nínú ìwé téṣàn, tí dókítà kò kọ ìwé nípa rẹ̀, tí FRSC kò sì mọ̀ ọ́n, kò ní ohun tí yóò fi béèrè ẹ̀tọ́. Àìkà yẹn ni ọ̀nà àkọ́kọ́ tí gbèsè fi ń kúrò lọ́rùn ẹni tó jẹ ẹ́.

Ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Kí ó tó dìgbà náà ni ó ti wà nídìí irú iṣẹ́ yìí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, nítorí bí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ṣe ń pa àwọn ènìyàn Yunifásítì Ifẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó sì ti dá sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ètò náà ṣe ń lọ títí di òní: wọ́n mú awakọ̀, wọ́n bu owó ìtanràn lé e, owó náà bọ́ sí àpò ìjọba. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ọlọ́kọ̀ tó jókòó sílé, tó ní kí dírẹ́bà ṣì máa fi táyà tó ti dán ṣiṣẹ́ títí di ìparí oṣù, kì í sábà mọ̀ ọ́n lára. Ìtanràn nìkan kò lè mú irú ọlọ́kọ̀ bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun tí yóò mú un yí padà ni kí ó mọ̀ dájú pé bí táyà náà bá bẹ́, owó iṣẹ́ abẹ, owó oṣù tí aláìsàn náà pàdánù àti oúnjẹ àwọn ọmọ òkú yóò wá sí ẹnu ọ̀nà òun.

Òfin sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ọkọ̀ sójú títì jẹ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ní gbèsè ìkíyèsára: èrò inú ọkọ̀, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ọlọ́kadà, ọmọ tó ń ti ilé-ìwé bọ̀, ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí ó bá fi àìbìkítà ṣe wọ́n léṣe, yóò san owó gbà-má-bínú. Òfin kò sì dúró lọ́dọ̀ dírẹ́bà. Bí dírẹ́bà bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí jàǹbá ṣẹlẹ̀, gbèsè náà di ti ọ̀gá pẹ̀lú. Èyí ṣe pàtàkì ju bí a ti ń rò lọ, nítorí gbogbo wa la mọ bí ọkọ̀ èrò ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́kọ̀ ti dá iye tí dírẹ́bà gbọ́dọ̀ kó wá lálaalẹ́, àgbèrò ń gba tirẹ̀ ní ibùdókọ̀, epo ń gbówó lórí, ohun tó bá ṣẹ́kù ni dírẹ́bà yóò fi jẹun. Eré àsápajúdé tí à ń bú dírẹ́bà fún, iye tí ọlọ́kọ̀ dá ló bí púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí jàǹbá bá dé, a ó sáré mú ọkùnrin tí kò ní ju ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ lọ, a ó tì í mọ́lé, a ó rí i pé kò ní ohunkóhun, a ó sì sọ pé kò sí ohun tí a lè ṣe. Ẹni tó ní ọkọ̀ mẹ́rin, tí ilé rẹ̀ kò sì ṣòro láti rí, kì í bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́.

Kódà bí ọlọ́kọ̀ náà kò bá ní owó, òfin ti ro tìyẹn náà. Ní 1930 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di dandan ní ìlú wọn pé kí ọkọ̀ tó bọ́ sójú títì ní ìdójútòfò tí yóò san owó fún ẹni tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe. Ní 1945 ni wọ́n ṣe irú òfin náà fún Nàìjíríà. Òun ni gbogbo onímọ́tò ń pè ní third party. Òfin ìdójútòfò ti 2003 tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà náà: ó ní ẹni tó bá wa ọkọ̀ láìní i lè san ìtanràn 250,000 náírà, tàbí kí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan jura, tàbí méjèèjì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, 15,000 náírà ni NAICOM, àjọ tó ń bójú tó àwọn adójútòfò, ní kí ọkọ̀ aládàáni máa san lọ́dún, adójútòfò sì lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún dúkìá ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá bà jẹ́. Ti ara àti ẹ̀mí tún dúró lọ́tọ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì 2025, Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá pàṣẹ pé kí àwọn ọlọ́pàá máa mú ẹni tí kò bá ní i. Ní ọdún 2025 kan náà ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ìdójútòfò tuntun tó kó àwọn òfin àtijọ́ náà pọ̀ sójú kan.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, báwo ni a ṣe ń ra ìwé náà? A ń rà á bí ohun tí à ń fi han ọlọ́pàá ní ojú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ń fún ẹnì kan lówó ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ kí ó bá wọn ṣe pátíkúlà gbogbo pọ̀, wọn kò sì béèrè bóyá orúkọ ọkọ̀ wọn wọ inú ìwé adójútòfò kankan. Bí ọlọ́pàá bá ti wò ó tó ní kí wọ́n máa lọ, ó ti ṣiṣẹ́ lójú wọn. Ẹ̀tọ́ inú ìwé náà kì í sì í ṣe ti ẹni tó rà á. Ti àjèjì ni, ti ẹni tí a kò tíì mọ̀, tó lè wà níwájú ọkọ̀ wa lọ́la ní Ìwó Road n'Íbàdàn. Ẹni tó ra ayédèrú ti jí nǹkan ẹni náà kó tó rí i. Kò ṣòro láti mọ ojúlówó: ẹgbẹ́ àwọn adójútòfò ní àkọsílẹ̀ tí a lè fi nọ́ńbà ọkọ̀ wò lórí fóònù nípa títẹ *565*11#. Ọlọ́kọ̀ lè wo tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ gbá náà lè wo ti ọkọ̀ tó gbá a, kí ó lè mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò kàn. Òfin 2003 ti gbà á láàyè kí ó pe adójútòfò pọ̀ mọ́ ọlọ́kọ̀ lẹ́jọ́, bí ó bá ti fún adójútòfò ní ìwé ìkìlọ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú.

Ọkọ̀ tó gbá ni tó sá lọ ńkọ́? Òfin 2003 dá àpò owó kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAICOM, láti inú owó tí àwọn adójútòfò ń dá, ó sì sọ kedere pé kí wọ́n máa mú nínú rẹ̀ fún aláìṣẹ̀ tí ọkọ̀ tí kò ní ìdójútòfò tàbí ọkọ̀ tí a kò mọ̀ bá pa tàbí sọ di aláàbọ̀ ara títí ayé. Mélòó nínú àwọn tó ń ka èyí ló ti gbọ́ nípa rẹ̀ rí? Ẹ̀tọ́ tí kò sí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, tí nọ́ọ̀sì kò mọ̀, tí a kò kéde rẹ̀ ní èdè tí ọlọ́jà ń sọ, kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí. Bí NAICOM ṣe ń ṣètò iṣẹ́ òfin tuntun yìí, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a bi í ni èyí: opó tí ọkọ̀ tí a kò mọ̀ pa ọkọ rẹ̀ ní òru, ọ́fíìsì wo ni yóò lọ, ìwé wo ni yóò mú dání, ọjọ́ mélòó ni yóò sì fi dúró?

Ẹ̀tọ́ kan tún wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi sílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Òfin owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ NSITF, kí àjọ náà lè san owó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Ààbò náà kò sì parí sí ẹnu géètì ilé-iṣẹ́: ó bá òṣìṣẹ́ dé ojú ọ̀nà tó ń gbà láti ilé lọ síbi iṣẹ́ àti láti ibi iṣẹ́ padà sílé. Olùkọ́ tí ọ̀kadà gbé ṣubú ní àárọ̀ Mọ́ńdè nígbà tó ń lọ sí ilé-ìwé ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ọ̀dọ̀ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ni ó sábà máa ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀tọ́ owó tó délẹ̀, ẹni náà gbọ́dọ̀ yè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dun ènìyàn jù. Abala ogún nínú òfin ìlera ti 2014 sọ pé ilé-ìwòsàn tàbí oníṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kí ìdí rẹ̀ jẹ́. Ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ìtanràn 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Òfin náà kò ní kí a kọ́kọ́ san owó sílẹ̀ tàbí kí a kọ́kọ́ mú ìwé wá láti téṣàn. Síbẹ̀ gbogbo ìlú ló mọ̀ pé wọ́n ṣì ń béèrè wọn. Àwọn tó ni ilé-ìwòsàn ní àwíjàre tí a kò gbọ́dọ̀ gbá dànù: wọ́n ní bí àwọn bá tọ́jú ènìyàn mẹ́wàá lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ kan, ta ni yóò san owó ẹ̀jẹ̀, owó oògùn àti owó àwọn nọ́ọ̀sì? Òótọ́ ni. Àwọn tó kọ òfin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́ọ́dé máa lọ sí ìtọ́jú pàjáwìrì. Tí ilé-ìwòsàn bá ń kérora, kí ó kérora sí àwọn tí owó náà wà lọ́wọ́ wọn. Kò lè gba ẹ̀jẹ̀ ẹni tó dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dípò gbèsè tí ìjọba jẹ ẹ́. Bí adójútòfò bá sì ń san ohun tó yẹ kí ó san, púpọ̀ nínú owó tí ilé-ìwòsàn ń bẹ̀rù pé yóò run ni yóò padà sí ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ so mọ́ ara wọn.

Lẹ́yìn ọsibítù ni ọ̀sẹ̀ ẹ̀bẹ̀ máa ń dé. Ọkọ̀ wà ní téṣàn, àwọn VIO tó ń yẹ ọkọ̀ wò ti wò ó, dírẹ́bà wà ní àtìmọ́lé tàbí wọ́n ti gba béèlì rẹ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ onímọ́tò yóò wá sílé, baálẹ̀ tàbí pásítọ̀ tàbí àlùfáà á bá wọn dé, wọ́n á dọ̀bálẹ̀. Wọ́n á mú owó díẹ̀ wá tí kò tó owó aṣọ ọgbẹ́. Wọ́n á ní kí ẹbí kọ ìwé pé àwọn ti fi ọwọ́ wọ́nú, àwọn kò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ mọ́. Ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ni, aláìsàn kò tíì mọ̀ bóyá wọn yóò gé ẹsẹ̀ òun. Ẹbí tó ti rẹ̀, tó ń bẹ̀rù ilé-ẹjọ́, tí ojú sì ń tì láti kọ ẹ̀bẹ̀ àgbà, á tẹ̀ka. Mi ò dá ẹbí lẹ́bi. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀ ni a lù pọ̀ mọ́ra nínú ìwé yẹn. Bí ẹbí bá ní àwọn kò fẹ́ kí dírẹ́bà lọ sẹ́wọ̀n, àánú ni, ó sì yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n àánú lórí dírẹ́bà kò gbọ́dọ̀ di ìdáríjì gbèsè fún ọlọ́kọ̀ àti adójútòfò, tí wọn kò tilẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀. Kí ẹbí dárí ji ọkùnrin náà, kí wọ́n sì má fi ọwọ́ sí ohunkóhun tó sọ pé wọ́n ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ wọn tán, títí dókítà yóò fi sọ bí ara aláìsàn yóò ṣe rí àti iye tí yóò ná wọn.

Ohun tí àwọn agbẹjọ́rò máa ń kédàárò lé lórí jù ni ẹ̀rí. Ilé-ẹjọ́ wa kì í fi ojú àánú dá owó tí a ti ná padà. Ó fẹ́ kí a dárúkọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi ẹ̀rí gbè é. Owó oògùn, owó ọkọ̀ lọ sí ọsibítù Ìgbòbì àti bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, owó igi ìtìlẹ́yìn, owó ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, bí kò bá ní rìsíìtì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé a kò ná an. Fọ́tò ọkọ̀ níbi tí ó dúró sí, nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ téṣàn tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ, nọ́ńbà fóònù ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, ìwé dókítà: àpò ọ̀rá kan lè gba gbogbo rẹ̀, ẹnì kan nínú ẹbí tí kò sunkún jù ni kí wọ́n fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀. Àkókò náà kì í dúró. L'Ékòó, ọdún mẹ́ta ni òfin fún ẹni tó fara pa láti pe ẹjọ́. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba ló wa ọkọ̀ náà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lè dín in kù sí oṣù mẹ́ta péré. Oṣù mẹ́ta! Ẹlòmíràn kò tíì kúrò lórí ibùsùn nígbà náà. Mi ò rí ìdí kankan tó dára tí ẹni tí ọkọ̀ ìjọba ṣe léṣe fi gbọ́dọ̀ ní àkókò tó kéré ju ti ẹni tí dánfó ṣe léṣe lọ. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin yọ jàǹbá ọkọ̀ kúrò lábẹ́ òfin náà.

Àwọn kan yóò ní kádàrá ni jàǹbá, pé ẹni tó bá gba owó lórí òkú rẹ̀ ti jẹ owó ẹ̀jẹ̀. Èrò yìí fìdí múlẹ̀, ó sì yẹ kí a fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ kò sọ ọ́ láti pa ẹnikẹ́ni lára. Kùránì, nínú Súrà An-Nísáà, ní kí ẹni tó ṣèèṣì pa ènìyàn san owó fún ẹbí rẹ̀, àyàfi bí ẹbí bá fi tọrẹ. Nínú Ẹ́kísódù orí kọkànlélógún, ẹni tó ṣe ẹnìkejì léṣe yóò san owó àkókò tó pàdánù, yóò sì rí i pé ara rẹ̀ yá. Orí kan náà ló sọ̀rọ̀ akọ màlúù tí a ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀ pé ó ń kàn, tí kò sì so ó mọ́lẹ̀. Bí ó bá pa ènìyàn, ẹ̀bi náà di ti olówó rẹ̀. N kò rí ohun tó jọ tírélà tí bíréèkì rẹ̀ kò mú tó èyí. Ẹ̀sìn méjèèjì tí púpọ̀ wa ń ṣe gbà pé Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí, wọ́n sì tún gbà pé ẹni tó ṣeni léṣe gbọ́dọ̀ san. Ọmọ òkú tí owó náà gbé padà sí ilé-ìwé kò jẹ òkú bàbá rẹ̀.

Àtakò mìíràn ni pé a kì í ti kóòtù dé ṣọ̀rẹ́. Láàárín ẹbí àti aládùúgbò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ adójútòfò kì í ṣe ará ilé ẹnikẹ́ni, owó sì ni wọ́n gbà tẹ́lẹ̀ láti san irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ jàǹbá ló sì lè parí láìdé iwájú adájọ́: l'Ékòó, ibùdó ìlàjà ìjọba wà tí kì í gba owó, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ ti ìpínlẹ̀ wà, àjọ Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ sì ní agbára láti gba ẹjọ́ jàǹbá ọ̀dọ̀ tálákà rò. Òfin iṣẹ́ lọ́yà náà gbà kí lọ́yà bá oníbàárà ṣe àdéhùn pé inú owó tí wọ́n bá gbà ni òun yóò ti mú tòun. Ìlàjà tí a fi ìwé dókítà ṣe, tí ẹni tó fara pa ní agbẹjọ́rò níbẹ̀, dára. Èyí tí mo lòdì sí ni ti ọjọ́ kẹta.

Wọ́n á tún ní bí ọlọ́kọ̀ bá ń san gbogbo èyí, owó ọkọ̀ yóò gbówó lórí, tálákà ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀. Owó ọkọ̀ lè fi díẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n tálákà ni ó ń san owó náà báyìí, ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, títí ó fi ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ìdójútòfò kó owó díẹ̀díẹ̀ jọ lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọlọ́kọ̀ kí ẹnì kan má baà rì. Àwọn tó ń bẹ̀rù ẹlẹ́tàn tí yóò dùbúlẹ̀ níwájú ọkọ̀ kí ó lè gba owó ní ìdí láti bẹ̀rù, irú wọn wà níbi gbogbo tí owó wà. Ìwé dókítà, àyẹ̀wò VIO àti ẹ̀rí tí ilé-ẹjọ́ ń béèrè ló ń dá wọn dúró. Lójú mi, jìbìtì tó wọ́pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ìwé ìdójútòfò ayédèrú, a kì í sì í fi tìyẹn dí ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ láti wa ọkọ̀.

Àtakò tó le jù ni pé ẹjọ́ ń pẹ́. Ó ń pẹ́ lóòótọ́, ó ń pẹ́ débi pé ẹlòmíràn á kú kí ìdájọ́ tó dé, àwọn adójútòfò sì mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Ṣùgbọ́n a ti fi hàn pé a lè ṣe é kíákíá tí ó bá wù wá. Ní 2018 ni Ékòó dá kóòtù kékeré sílẹ̀ fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ: fọ́ọ̀mù rọrùn, ènìyàn lè rojọ́ fúnra rẹ̀ láìní lọ́yà, wọ́n sì fi ọgọ́ta ọjọ́ ṣe àfojúsùn ìdájọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ti tẹ̀lé e. Gbèsè tí iye rẹ̀ ti dájú nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, nítorí náà ẹni tó jẹ oníṣòwò ní owó sìmẹ́ǹtì yóò rí adájọ́ láàárín oṣù díẹ̀, ẹni tó jẹ ọmọ ẹlòmíràn ní ẹsẹ̀ kan yóò lo ọ̀pọ̀ ọdún. Rìsíìtì ọsibítù àti ti oògùn ní iye tó dájú bíi ti sìmẹ́ǹtì. Kóòtù májísíréètì ti ní agbára láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ ló sì fọwọ́ sí ìlànà ti gbèsè. Kí ó fọwọ́ sí òmíràn fún owó ìtọ́jú ẹni tí ọkọ̀ ṣe léṣe, kí adójútòfò ọkọ̀ náà wà lára àwọn tí fọ́ọ̀mù náà yóò pè, kí ìrora àti àbùkù ara tí kò ní rìsíìtì dúró de kóòtù gíga. Kí wọ́n sì tẹ fọ́ọ̀mù náà ní Yorùbá, kí wọ́n kó o sí gbogbo téṣàn àti ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù ìjọba, láti Àpápá títí dé Ṣakí.